Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù abẹ, ọ̀tọ̀ ni iyèméjì

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ àwọn ẹni trans rú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù ni pé a máa ń pa nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra, ẹ̀rù abẹ àti iyèméjì. Ẹni trans kan, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí tí wọ́n pè lọ́kùnrin tó sì mọ̀ pé obìnrin lòun, àbí tí wọ́n pè lóbìnrin tó mọ̀ pé ọkùnrin lòun, ó ti ro ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó ti rí dókítà, ó ti ń lo họ́mónù, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ara máa yí padà, wọ́n wá fún un ní déètì iṣẹ́ abẹ, bí déètì yẹn ṣe wá ń sún mọ́lé báyìí oorun ò kùn ún mọ́, àyà ẹ̀ ń já, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ làwọn tó yí i ká á ní, "Ṣó o rí i, ọkàn ẹ ò sí níbẹ̀, fi í sílẹ̀." Òun náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àbí òótọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí, Rẹ́mọ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tí ẹ̀rù abẹ kì í bà. Ìyá tó ti ń wá ọmọ látọjọ́ tó ti pẹ́, tí wọ́n wá ní kó wá ṣe CS, ẹ̀rù ń bà á. Bàbá tí ìpá ti ń dà láàmú, tí kò lè rìn dáadáa mọ́, ẹ̀rù ń bà á. Obìnrin tí fáíbírọ́ìdì ń jẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀ títí tó fi ń dákú, ẹ̀rù ń bà á. Mo ti di ọwọ́ irú wọn mú lórí tábìlì, mi ò sì tíì gbọ́ ọ rí kẹ́nì kan sọ fún ìyá CS pé ẹ̀rù tó ń bà á yẹn, bóyá kò fẹ́ ọmọ náà ni. Kí ló dé tó fi wá jẹ́ pé ẹni trans nìkan ni ẹ̀rù ẹ̀ máa ń di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń bá a ṣẹjọ́?

Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ nìyí. Ẹ̀rù abẹ, ọjọ́ yẹn gan-an ló ń wò: ṣé màá jí, ṣé á dùn mí, ta ló máa rí ìhòòhò mi, tọ́wọ́ wọn bá ṣèèṣì ńkọ́. Iyèméjì ní tiẹ̀, ọjọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń wò: ṣé bí mo ṣe fẹ́ máa gbé ayé mi nìyí, àbí torí kẹ́nì kan lè gbà mí ni mo ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ bi ara yín léèrè pé ká ní ẹ sùn lálẹ́ òní, ilẹ̀ mọ́, ẹ jí, ẹ rí i pé ara ti rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ojú ọgbẹ́ ti jinná, abẹ kankan ò sì kàn yín, ṣé inú yín á dùn? Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó báyìí ọkàn yín fúyẹ́, a jẹ́ pé abẹ lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ̀rù abẹ sì ní ohun téèyàn lè ṣe sí i. Tí ọkàn yín bá ṣì wúwo, ẹ lọ bá ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ sún déètì yẹn síwájú, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀ rárá. Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹni trans ló ń ṣiṣẹ́ abẹ, àwọn kan wà tó jẹ́ họ́mónù nìkan ni wọ́n ń lò, àwọn kan ò tiẹ̀ lo nǹkan kan, kò sì sóhun tó dín lára wọn.

Déètì yẹn náà, kì í kàn já bọ́ látòkè. Ẹgbẹ́ WPATH tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ẹni trans jáde, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ sọ pé kí àgbàlagbà tó ṣiṣẹ́ abẹ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé onímọ̀ ìlera tó mọ iṣẹ́ yẹn ti jókòó tì í, tó ti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò pé kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá, pé ohun tó fẹ́ ṣe yé e, kó sì kọ lẹ́tà. Ní Ìlú Ọba, àwọn tó ń gba ọ̀dọ̀ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba wọn, lọ máa ń tò fún ọdún mélòó kan kó tó kàn wọ́n. Nítorí náà ẹni tó bá ti débi déètì, wọ́n ti bi í ní ìbéèrè ju bí èmi àti ẹ̀yin ṣe lè bi í lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìlú Ọba yẹn, ọkùnrin trans ni, ìyẹn ẹni tí wọ́n pè lóbìnrin nígbà tí wọ́n bí i, àyà ni wọ́n fẹ́ bá a ṣe, kí wọ́n yọ ọmú kúrò níbẹ̀. Ó fi fóísì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lóru, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Àǹtí, tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló ń fi ẹ̀rù yìí kìlọ̀ fún mi ńkọ́?" Ìyá ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde náà ti pè mí, ó lálàá pé wọ́n wọ aṣọ funfun fọ́mọ òun. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àlá ẹ̀, àmọ́ ohun tí mo sọ fún àwọn méjèèjì ni pé ohun téèyàn bá ń rò lọ́sàn-án ló máa ń bá a wọnú oorun, kí wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn àdúrà kí wọ́n mú bébà kí wọ́n kọ nǹkan tó ń bà wọ́n lẹ́rù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé tí ẹ bá kàn pe gbogbo ẹ̀ ní "ẹ̀rù", kò sẹ́ni tó lè bá yín dá sí i, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kan wà nílé ìwòsàn tíṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti dáhùn ẹ̀.

Èyí tó wà lókè bébà gbogbo wọn ni pé àwọn ò ní jí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́ oorun kan báyìí, dókítà á wá káwọ́ gbera á máa retí bóyá wọ́n á jí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn yẹn ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni ní gbogbo àsìkò tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, nínú dírípù àbí nínú afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń mí sínú, bí omi ẹ̀rọ ni, tí wọ́n bá ti tì í pa kò ní ṣàn mọ́, ara á wá máa lé èyí tó kù dànù, ẹ máa jí. Dókítà anẹsitẹ́síà, ìyẹn dókítà oògùn oorun, tó ń dà á sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá sùn títí tẹ́ ẹ máa fi jí, kì í jáde lọ jẹun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé ẹnì kan máa jókòó tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gba gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tán, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ọmọ ẹ̀ ni, ó sì fẹ́ kó jí.

Iye tí àwọn dókítà anẹsitẹ́síà máa ń sọ fún aláìsàn ní Ìlú Ọba ni pé ikú tó jẹ́ pé oògùn oorun fúnra ẹ̀ ló fà á, nǹkan bí ẹnì kan ni nínú 100,000, fún ẹni tí ara ẹ̀ le. Pé kéèyàn ta jí láàárín iṣẹ́ kó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 20,000. Ohun tó wọ́pọ̀ gan-an ni ọ̀fun dídùn, òtútù tó ń mú èèyàn gbọ̀n, èébì, wọ́n sì ní oògùn fún èébì yẹn, ẹ sọ fún wọn ṣáájú tó bá jẹ́ pé inú mọ́tò máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ bì.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ tíátà, torí ohun téèyàn ò rí rí ló máa ń tóbi lójú. Yàrá yẹn tutù, ó mọ́lẹ̀ rekete, iná ńlá wà lókè. Wọ́n á bi yín lórúkọ. Ẹlòmíì á tún dé, á tún bi yín lórúkọ, á bi yín ní ọjọ́ìbí yín àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, apá ibo ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rò pé tí wọ́n bá ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Òdìkejì ẹ̀ ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2008 pé kí gbogbo tíátà máa ka àwọn ìbéèrè kan sókè kí wọ́n tó mú èèyàn sùn, kí wọ́n tó fi abẹ kàn án àti kí wọ́n tó gbé e jáde, kó má bàa di pé wọ́n ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì sí i lára, kí òwú tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ má sì ṣẹ́ kù sínú. Níbi tí wọ́n ti ń bi yín lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin ni kọ́kàn yín ti balẹ̀.

Wọ́n á wá gún abẹ́rẹ́ dírípù sẹ́yìn ọwọ́, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ àyà yín, wọ́n á fi nǹkan kékeré kan há ọmọ ìka yín. Èyí tó há ọmọ ìka yẹn ń fi iná wo iye ọ̀síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì yẹ káwa aláwọ̀ dúdú mọ̀ pé ìwádìí ti fi hàn pé ó máa ń ka iye tó ga ju tòótọ́ lọ nígbà míì lára awọ dúdú, ẹ lè sọ ọ́ fún dókítà yín, kò ní bínú. Ẹ yọ kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lálì torí Iléyá àbí ìyàwó, ẹ sọ ọ́ náà, torí lálì dúdú lè dí iná yẹn lọ́wọ́, wọ́n á wá ibòmíì fi í há, bí etí. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á gbé ìbòmú sí yín lójú, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mí sínú, ohun tẹ́ ẹ tún máa gbọ́ ni kẹ́nì kan máa pe orúkọ yín pé ó ti parí. Àwọn tó bá jí máa ń bi mí pé ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ nìkan ni tàwọn míì. Wọ́n á rí i, ojú wọn á ṣú, wọ́n á ṣubú. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ìpara tó ń mú ara kú sí ojú ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé ṣe lẹ máa ń dákú, bí wọ́n bá ti fẹ́ gún yín ẹ fún iṣan ọwọ́ kejì, itan àti ikùn yín le gbagidi, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ tún fún un le, èyí máa ń jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ má wálẹ̀ lójijì. Ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ́ fún dókítà anẹsitẹ́síà pé ẹ̀rù ń bà yín, oògùn wà tí wọ́n lè fún yín ṣáájú tó máa jẹ́ kára yín wálẹ̀.

Á dùn yín lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n máa fún yín ní oògùn ìrora, ẹ lò ó kí ìrora tó gbóná, ẹ má ṣe akin. Àyà tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin trans máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin, wọ́n lè fi rọ́bà tó ń fa omi ara jáde síbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn ò sì ní gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí ọmú lè má mọ nǹkan lára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Yíyọ ilé ọmọ kì í ṣe tuntun létí wa, irú iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ìyá wa torí fáíbírọ́ìdì ni. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti ojú ara ló le jù: obìnrin trans tí wọ́n bá ṣe ojú ara obìnrin fún máa lo kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde, fún ọjọ́ mélòó kan, á sì máa fi nǹkan la ojú ibẹ̀ déédéé fún àsìkò gígùn kó má bàa dí, ọkùnrin trans tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan ọmọkùnrin fún òun, ó lè gbà ju iṣẹ́ abẹ ẹyọ kan lọ, ọ̀nà ìtọ̀ ẹ̀ sì lè jò tàbí kó dí, ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ bi dókítà tó fẹ́ ṣe é pé èèyàn mélòó ló ti ṣe é fún, mélòó nínú wọn ló ní láti padà wá kó tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Àwọn nǹkan kan wà tí dókítà òyìnbó lè má rántí bi yín, àfi kẹ́ ẹ sọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni àpá. Ara àwa aláwọ̀ dúdú ni kélọ́ìdì ti wọ́pọ̀ jù, àpá tó máa ń wú kọjá ibi tí wọ́n gé, etí téèyàn lu, ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, àyà sì wà lára ibi tó ti máa ń wú jáde jù. Tẹ́ ẹ bá ti ní in rí, tàbí ìyá àbí bàbá yín ní in, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gé nǹkan kan, abẹ́rẹ́ àti sílíkónì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú àpá wà tí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni jẹnotáìpù. Ẹni tó jẹ́ SS lè ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ òtútù, òùngbẹ àti àìtó ọ̀síjìn lè gbé ìrora ẹ̀ dìde, wọ́n ní láti mọ̀ kí wọ́n lè múra sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àgbo, ibí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti di egbò igi àti aáyù pọ̀ sínú báàgì ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ara ọmọ ẹ̀ lè le ṣáájú ọjọ́ náà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àmọ́ àwọn egbòogi míì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdáwọ́ dúró, aáyù téèyàn bá ń lò bí oògùn wà nínú ẹ̀, àwọn míì ń bá oògùn oorun jà. Ẹ dá gbogbo ẹ̀ dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ohun tẹ́ ẹ ti mu fún wọn, kódà tójú bá ń tì yín. Sìgá náà, oṣù kan ṣáájú ó yẹ kó ti kúrò nílẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ pẹ́ jinná. Oúnjẹ ní tiẹ̀, wákàtí mẹ́fà ṣáájú kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan líle lẹ́nu mọ́, omi lásán lè dé wákàtí méjì, àfi tí wọ́n bá sọ ohun míì fún yín. Gàrí Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ fi omi tútù rẹ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ náà, oúnjẹ ni, kì í ṣe omi, tó bá pọ̀ wá látinú nígbà tẹ́ ẹ ti sùn ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Họ́mónù, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró, ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ pa mọ́. Estrogen, ìyẹn họ́mónù obìnrin, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa tètè dì, torí ẹ̀ làwọn dókítà kan ṣe ń ní kí obìnrin trans sinmi lórí ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, àwọn kan ò sì béèrè fún un mọ́, ti dókítà tó fẹ́ ṣe yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó bá sì wà nílé níbí tí kò lówó òkè òkun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gún sílíkónì olómi sí yín nídìí tàbí láyà nínú yàrá kan, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó sì pa èèyàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àwọn tó ti gbọ́ ìtàn Lili Elbe máa ń fi kó àyà ara wọn já, òun ni obìnrin trans ará Denmark tó kú ní Dresden lọ́dún 1931 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ilé ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n gbìyànjú láti gbé sí i nínú nígbà yẹn, penisílínì ò sì tíì dọ́wọ́ aláìsàn, ohun tó pa á kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Harold Gillies, dókítà tó ti fi ojú àwọn sójà tí bọ́ǹbù bà jẹ́ kọ́ṣẹ́, ló ṣe ti Michael Dillon, ọkùnrin trans kan, ní Ìlú Ọba, Christine Jorgensen, obìnrin trans ará Amẹ́ríkà, náà lọ ṣe tiẹ̀ ní Denmark lọ́dún 1952, ó sì gbé ayé títí di 1989. Iṣẹ́ yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Ẹ̀rù kan wà tí ìyá CS ò mọ̀, ti ẹni trans nìkan ni: kí nọ́ọ̀sì pariwo orúkọ àtijọ́ ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n máa wá yọjú wò ó. Ìtìjú ni fún iṣẹ́ wa pé ó ń ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ sójú fáìlì, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání tó lè gbẹnu sọ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá ṣì ń sùn. Nílé níbí náà, òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa tọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, nọ́ọ̀sì tó bá gbé e délé ti rú òfin.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá parí, ìdàrúdàpọ̀ yẹn tún máa ń padà wá. Ọ̀sẹ̀ kìíní àbí ìkejì, ara wú, oògùn ìrora ti mú kí ìgbẹ́ le, èèyàn ò lè wẹ̀ dáadáa, á wá jókòó á máa sunkún, á ní àbí òun ti ṣàṣìṣe. Ìbànújẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọ́pọ̀, kódà lára ẹni tí wọ́n yọ ìpá fún, kì í ṣe àbámọ̀. Àbámọ̀ gan-an ní tiẹ̀, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 kó ìwádìí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 èèyàn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kábàámọ̀. Wọ́n wà, ó sì yẹ ká tọ́jú àwọn náà, àmọ́ wọn ò pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́mọ ẹ̀ wálé torí Ojúde Ọba, mo ní kó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀, kí dókítà ẹ̀ kọ́kọ́ sọ ìgbà tó lè wọ̀ ọ́. Ẹ tètè dìde rìn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dìde, ẹ wọ sọ́kísì tó ń fún ẹsẹ̀ yẹn. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn yín lẹ́yìn ojúgun, tí èémí ò bá délẹ̀, tí apá kan àyà bá ṣàdédé wú tó le ju èkejì lọ, tí ibà bá dé tàbí tí ojú ọgbẹ́ bá ń rùn, ẹ pe nọ́mbà tí wọ́n kọ sínú bébà tí wọ́n fún yín jáde, lóru náà ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ pé èémí ni, ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.